Àwo tí Máníjà Kò Fọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tí yìnyín inú gbọ̀ngàn ìṣeré wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ará ìlú Zoria ju ọ̀rọ̀ Jarret Lizée lọ. Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín fún wa, tún ti gbé ipò ìkẹyìn. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ń gbé e léraléra, bí ẹni pé wọ́n fi jogún. Jarret sì ni máníjà wọn. Òun ló ń wá àwọn ọmọ náà rí, òun ló gba kóòṣì síṣẹ́, òun náà ló ń fi ọmọ kan pààrọ̀ òmíràn pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú mìíràn. Bí nǹkan bá wá dà rú, ta ni ká bá wí bí kò ṣe òun? Ní ilé kọfí, àwọn àgbà ọkùnrin tí wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara wọn mọ́, gbogbo wọn ló ti di ọ̀mọ̀ràn nínú iṣẹ́ máníjà.

"Ẹ lé e jàre!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ìyàwó mi gan-an á ṣe é dáadáa jù ú lọ."

"Ìwọ ni ìyàwó ẹ máa kọ́kọ́ fi pààrọ̀," ni èkejì dá a lóhùn. "Ìṣòro ibẹ̀ ni pé, ta ló fẹ́ gbà ẹ́?"

Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n kì í ṣe ti olówó kan. Ti ìlú ni. Àwa la ń ta pirógì, ìyẹn ìyẹ̀fun tí a fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, láti fi ra epo sínú bọ́ọ̀sì wọn, àwa la ń fi ọwọ́ ara wa kun àga gbọ̀ngàn náà ní ọ̀dà, àwa náà la sì ń yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tó lè gba máníjà tàbí kó lé e. Doreen Prystupa wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ le nítorí ìyẹ̀fun pípò, kì í sì í sọ̀rọ̀ nípàdé àfi bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ.

Ìpàdé ọjọ́ Ajé yẹn gbóná. Elmer Froese, àgbẹ̀ gíga kan tó jẹ́ alága, ti lọ wo ìdíje òkúta yíyí lórí yìnyín ní ìlú kejì, níbẹ̀ ló ti pàdé máníjà ẹgbẹ́ Pine Narrows. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà ló wá tú sílẹ̀ fún wọn.

"Ẹ rántí pé Jarret sọ fún wa ní oṣù kìn-ín-ní pé Pine Narrows yẹ àdéhùn? Irọ́ ni! Wọ́n fẹ́ fún wa ní àgbà ọmọ méjì tó mọ̀ ọ́n gbá, kí àwa fún wọn ní Keegan, aṣọ́lé wa tó ń mú góòlù. Wọ́n ti fọwọ́ síwèé. Jarret nìkan ni wọ́n ń dúró dè, kó sọ fún ọmọ náà, kí ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n dúró títí aago mẹ́jọ tí gbèdéke parí fi lù. Kò pè. Àní kò pè rárá!"

Gbogbo wọn mọ òfin líìgì: ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ fi pààrọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu máníjà tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, asán ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn mẹ́ta ní kí wọ́n lé Jarret lójú ẹsẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn ní ẹni tó tọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹn, kò tọ́ kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí àṣìṣe kan. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí Doreen.

"Ó kù sí ẹ lọ́wọ́," ni Elmer wí. "Mo mọ̀ pé ilé ẹ ló gbé nígbà tó wà lọ́mọdé. Tí o bá fẹ́ yẹra, a ò ní bínú."

"Ta ló sọ pé mo fẹ́ yẹra? Ẹ jẹ́ kí n lọ bi ọmọ náà léèrè kí ẹ tó bẹ́ ẹ lórí. Ọjọ́bọ̀ ni kí a dìbò."

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ ìbò náà ló ń rò. Máníjà tí wọ́n bá lé kì í pẹ́ nílùú wa. Á di ẹrù rẹ̀, á wá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Bí ọwọ́ Doreen bá gòkè ní Ọjọ́bọ̀, á jẹ́ pé Jarret tún máa lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òun alára ló sì lé e.

Àwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì fún wa, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún, á gbé àpò tó tóbi jù ú lọ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ìyá àgbàtọ́ kan á sì gbà á sílé. Doreen ti gba irú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún, nígbà tí Metro ọkọ rẹ̀ wà láyé àti lẹ́yìn tó kú; Keegan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Nílé rẹ̀, òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni tó bá jẹun nídìí tábìlì gbọ́dọ̀ fọ àwo rẹ̀ kó tó lọ síbikíbi. Kò sí ẹni tí òfin yìí kò mú. Metro náà ń fọ tirẹ̀, ó kàn máa ń kùn sínú bí ológbò ni. Ọmọ kan di olókìkí nígbẹ̀yìn, ó padà wá kí Doreen nínú ọkọ̀ tó ń dán gbinrin. Nígbà tó jẹun tán, ó ká apá aṣọ olówó iyebíye rẹ̀ sókè, ó sì fọ àwo. Nínú gbogbo àwọn tó ti gbé ilé náà, ẹnì kan ṣoṣo ló dìde nídìí tábìlì láì fọ tirẹ̀.

Jarret ni. Abúlé àwọn elédè Faransé kan lápá àríwá ló ti wá, ó gbẹ bí igi, etí rẹ̀ sì gbòòrò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń sunkún nínú yàrá ìsàlẹ̀, á fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Metro gbọ́. Ó gbé káàdì lọ bá a nísàlẹ̀, kò dárúkọ ẹkún rárá, ó ní òun ń wá ẹni tí òun máa nà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ta káàdì. Kí òjò dídì àkọ́kọ́ tó rọ̀, Jarret ti ń pe Doreen ní Màmá, Doreen náà sì ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Kò bí ọmọ kankan fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ràn gbogbo àwọn tó gbà tọ́, ṣùgbọ́n ti Jarret tún yàtọ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa purọ́ nípa rẹ̀.

Kérésì méjì ni àwa tí baba ńlá wa ti Yukréènì wá ń ṣe ní Zoria, ti gbogbo ayé àti tiwa. Àṣálẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ni àsè tiwa, tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá ti yọ. Oúnjẹ méjìlá, kò sí ẹran nínú ìkankan, a ó sì gbé àwo kan tó ṣófo kalẹ̀ fún ẹni tí kò sí láàrin wa. Ọjọ́ yìí kan náà ni líìgì fi ṣe gbèdéke ìpààrọ̀ ọmọ. Ó dájú pé àwọn tó ṣe òfin yẹn kò jẹ kútíà rí, àlìkámà sísè olóyin tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àsè náà.

Ọdún tí Jarret pé mẹ́tàdínlógún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ kútíà olóyin tán ni fóònù dún. Holubtsí, ìyẹn ìrẹsì tí a fi ewé kábéèjì dì, wà nínú àwo Jarret, ó ti gé ọ̀kan jẹ. Doreen ló gbé fóònù náà. "Fún mi ní Lizée," ni máníjà ìgbà yẹn wí, kò tilẹ̀ kí i kú ọdún. Jarret gbà á. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí. Ó tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nígbà tó fi máa gbé fóònù sílẹ̀, iná ọkọ̀ ti ń tàn sára fèrèsé, wọ́n ti wá gbé e. Metro bá a gbé àpò. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, ó ń wo tábìlì.

"Màmá, mi ò tíì fọ àwo mi."

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Màá bá ẹ fọ̀ ọ́."

Ó sì lọ. Doreen kò fọ àwo náà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni Jarret gbá họ́kì fún lẹ́yìn ìyẹn, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, ó di olùkọ́ eré, ó gbéyàwó. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló wá gba iṣẹ́ máníjà lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ń ya ilé Doreen bí wọ́n bá ti jáde kíláàsì. Ká sòótọ́, ó ní ohun tó dára lọ́wọ́. Kò sí ọmọ kan tó fi ilé ìwé sílẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ó mọ orúkọ ìyá gbogbo wọn. Nígbà tí eyín ọmọ kan ká lórí yìnyín, Jarret fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ gba inú ìjì òjò dídì gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi parí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀, kò fi ọmọ kankan pààrọ̀ rí lásìkò gbèdéke. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń tún ara wọn ṣe, tiwa dúró bó ṣe wà, a sì ń jẹ góòlù méje, góòlù mẹ́jọ. Ojú àwọn ọmọ náà gan-an ti ń wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jáde nínú gbọ̀ngàn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Doreen wé búrẹ́dì olóyin kan sínú aṣọ, ó lọ bá Jarret ní ọ́fíìsì rẹ̀ nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ń rùn, òórùn ìbọ̀wọ́ tó tutù tí kò gbẹ. Jarret fò dìde, ó fún un ní àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, òun jókòó lórí garawa.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé àwọn ọmọ mi ń yọ yín lẹ́nu ni?"

"Àwọn ọmọ ẹ kì í yọ mí lẹ́nu. Ìwọ ni. Jarret, aago mẹ́jọ ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní, níbo lo wà?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé búrẹ́dì náà sórí ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tí wọ́n fi wé e.

"Ẹ ti gbọ́."

"Elmer ti gbọ́. Èmi fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ."

"Mo wà níwájú ilé yín."

"Ilé mi?"

"Nínú ọkọ̀. Mo ní mi ò ní pe Keegan lórí fóònù bí wọ́n ṣe pè mí. Mo ní màá wá fúnra mi, màá kanlẹ̀kùn, màá jókòó, màá sọ ọ́ fún un lójú yín. Mo ti pinnu, Màmá. Ṣùgbọ́n aṣọ fèrèsé yín ò bò. Mo rí Keegan tó wọ ẹ̀wù Bàbá Metro, èyí tí ẹ fi òwú pupa ṣe ọnà sí lọ́rùn. Kútíà wà lágbọ̀n rẹ̀, ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sì rí àwo tó ṣófo yẹn."

Doreen ní kó máa wí.

"Mo ní kí n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ọwọ́ mi ò gbà. Mo ń wo aago, aago ń lọ, mo kàn ń wò ó. Mo ní, mi ò lè tún ṣe é fún Màmá. Mi ò lè jẹ́ kí Màmá tún máa bá èèyàn fọ àwo."

"Kí ló wá dé tí o purọ́ fún ìgbìmọ̀?"

"Kí ni ǹ bá sọ fún Elmer? Pé mo rí àwo?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Doreen pẹ̀lú omijé. Ó na ọwọ́, ó fà á létí gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fà á nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì jáde. Ojú ọ̀nà kún fún ẹrẹ̀ àti omi yìnyín, ṣùgbọ́n bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ló ń rìn. Ọmọ yìí rántí. Láti ọdún yẹn wá, òun ti rò pé òun nìkan ló ń rántí àwo yẹn. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbò ti tán lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lé Jarret, kó wá kọ́kọ́ lé òun.

Keegan, ọmọ tó ń ṣọ́lé náà, wà ní ilé ìdáná, ó ń se ẹyin. Ọmọ gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ó láwàdà, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ló máa padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n jọ jókòó jẹun. Inú Doreen dùn débi pé ó bá ara rẹ̀ tó ń ṣàwàdà.

"Ṣé o mọ̀ pé wọn ì bá ti fi ẹ́ pààrọ̀ lóṣù kìn-ín-ní? Ta ni ì bá máa jẹ gbogbo ẹyin mi?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Òótọ́ ni àbí, Màmá? Pé Pine Narrows fẹ́ mi? Àwọn ọmọ ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni."

"Òótọ́ ni," ni Doreen wí, ẹ̀rín ti ń kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló dé?"

"Ẹ̀yìn Pine Narrows báyìí ni ìyá mi ń gbé. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè rìnrìn àjò wá síbí. Kò rí mi kí n ṣọ́lé láti ọdún méjì. Tí mo bá wà ní Pine Narrows, gbogbo eré tá a bá ṣe nílé ni ì bá máa wá wò."

Aṣọ́lé tí Pine Narrows padà rí gbà, ọmọ náà ti bá wọn dé ìparí ìdíje, a sì gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti bèèrè fún un. Doreen mọ èyí. Keegan náà mọ̀ ọ́n, kò kàn dárúkọ rẹ̀ ni.

"Ṣùgbọ́n nídìí àsè wa, Keegan? Pé kí wọ́n wá fà ẹ́ dìde nídìí kútíà? Ṣé kò ní dùn ẹ́?"

"Á dùn mí. Màá sunkún gan-an, Màmá, ẹ mọ̀ mí. Màá sì lọ." Ó ń wo àwo rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi mí?"

Ó dìde, ó fọ àwo rẹ̀, ó fọwọ́ kan Doreen léjìká, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Doreen jókòó síbẹ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù.

Gbogbo Ọjọ́rú yẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn fi ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Ó po ìyẹ̀fun, kò wú. Ó bínú sí Elmer, ó bínú sí máníjà ìgbà yẹn tó ti kú, ó bínú sí òfin líìgì. Nígbà tí kò rí ẹni tó máa bínú sí mọ́, ó jókòó, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Kì í ṣe Keegan ni Jarret rí nínú fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ara rẹ̀ ló rí. Wọ́n gbé Jarret kúrò níbẹ̀ láì bi í, ó dùn ún, òun náà wá dá ọmọ mìíràn dúró láì bi í. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rí ìyá rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ mìíràn á tún wà nínú fèrèsé ìyá àgbàtọ́ mìíràn. Jarret á tún jókòó sínú ọkọ̀. Iṣẹ́ tó gbà yìí ń fẹ́ ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, kó sì bèèrè. Ọdún mẹ́rin nìyí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà, ó sì ń pa á lára, nítorí Doreen ti rí bí irun rẹ̀ ṣe funfun. Ó wá yé e pé òun náà ti fẹ́ fi ìbò òun sanwó ẹ̀bùn tí Jarret fún òun, owó náà kì í sì í ṣe tirẹ̀, ti àwọn ọmọ ni. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó da ìyẹ̀fun tí kò wú nù, ó po òmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Elmer ní kí àwọn tó fẹ́ kí Jarret lọ nawọ́ sókè, ọwọ́ mẹ́ta gòkè. Ti Doreen ló ṣe ìkẹrin, kò gòkè kọjá etí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rí i. Àwọn tó ti ń gbèjà Jarret ń wò ó bí ẹni tó rí iwin.

"Mo ní ọ̀rọ̀ méjì," ló wí. "Keegan ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí Pine Narrows lọ́dún tó ń bọ̀ tó bá fẹ́, ẹ má ṣe gba ohunkóhun dípò rẹ̀. Ìyẹn nìyẹn."

"A gbà," ni Elmer wí, ó ti mú fóònù jáde lápò. "Ẹ jẹ́ kí n pe Jarret báyìí, ká mọ̀ pé ó ti tán."

"Ọ̀rọ̀ kejì nìyẹn. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

"Doreen, iṣẹ́ alága ni."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ alága ni. Elmer, mo mọ̀ ẹ́ láti ìgbà tí ìyá ẹ ti ń nu imú fún ẹ. Gbé e sílẹ̀. Wọ́n ti pe ọmọ yẹn lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó tó."

Elmer gbé e sílẹ̀. Ó tilẹ̀ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, bí ẹni pé ó lè dún fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Jarret wá, nítorí Doreen ní kó wá jẹun. Oòrùn ń ràn, omi ń kán láti orí òrùlé. Keegan ti lọ dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Jarret rí ohun tó wà lórí tábìlì, ó dúró lójú kan. Holubtsí ni, ó ń rú èéfín, àti kútíà olóyin nínú abọ́ kékeré, ní oṣù tí ẹnikẹ́ni kì í se kútíà.

"Màmá, ẹ ti dìbò."

"Jókòó. Jẹun tán ná. Mo ti yọ okùn fóònù, kò sẹ́ni tó máa pè."

Ó jókòó, ó jẹun. Ó kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ó jẹ ẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Doreen bu òmíràn fún un. Nígbà tí àwo mọ́ tán, ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Jarret.

"Mo dìbò pé kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìbò mi ló sì pinnu rẹ̀."

Jarret mi orí. Ó ń mi orí lọ títí.

"Keegan fẹ́ lọ," ni Doreen wí. "Ìyá rẹ̀ ń gbé nítòsí Pine Narrows, ara rẹ̀ ò yá. Ọmọ náà ní òun ì bá sunkún, òun ì bá sì lọ. A ò bi í, Jarret."

Ìyẹn ló mú kó bú sẹ́kún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. "Mi ò bi í," ló ń wí. "Háà, Màmá, mi ò bi í." Doreen kò sọ pé kó dákẹ́. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó sì dúró tì í bí Metro ṣe dúró tì í nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí káàdì.

Nígbà tó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ ti tẹ́jú lọ́nà tí Doreen kò rí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ṣé o máa di ẹrù?" ni Doreen bi í. "Ṣé o máa lọ?"

"Ìyàwó mi ò fẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ilé ìwé ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń rìn lórí yìnyín. Èmi ni mi ò mọ̀ bóyá ẹ ṣì fẹ́ kí n dúró."

"Ta ló lé ẹ? Iṣẹ́ ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ. Mi ò ní kí o kúrò nídìí tábìlì mi."

Jarret dìde. Ó gbé àwo rẹ̀ lọ síbi omi, ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó gbé e síbi tó ti máa gbẹ. Lẹ́yìn náà ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú àwo mìíràn jáde, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìyẹn náà, tinútẹ̀yìn.

"Ìyẹn mọ́ tẹ́lẹ̀," ni Doreen wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Tọdún yẹn ni."

Doreen mú aṣọ tó fi ń nu àwo lára ìkọ́, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń dúró kó fọ̀ ọ́ tán.